Ta ló ní òkè ni àríwá wà?

Èrò ọkàn mi rèé o, kẹ́ ẹ má bínú. Wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé òkè máàpù ni àríwá wà, a wá ń sọ ọ́ bí ẹni pé Ọlọ́run ló kọ ọ́ síbẹ̀. Irọ́ ni jàre. Àwọn Jámánì àtijọ́ àtàwọn tí wọ́n jọ bá tan, Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará Norway, ibi tí oòrùn ti ń yọ ni wọ́n kọjú sí, ó sì ṣì wà lára ọ̀rọ̀ wọn dòní. East yẹn, ọ̀rọ̀ àfẹ̀mọ́júmọ́ ni, òun àti aurora àwọn Látìnì jọ wá látinú ìdílé kan náà ni, west náà ò jìnnà sí vesper tó jẹ́ ìrọ̀lẹ́, south, ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè ní ara oòrùn náà ló ti wá. North ló wá ń pa mí lẹ́rìn-ín: àlàyé tó gbajúmọ̀ jù ni pé inú ọ̀rọ̀ kan tó jẹ mọ́ òsì ló ti jáde, torí tó o bá kọjú sí ìlà-oòrùn, ọwọ́ òsì ẹ ni àríwá bọ́ sí. Òkè wo ló wá kù níbẹ̀?

(Àwọn Faransé gbé nord àti sud tiwọn lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni o, bí àwa náà ṣe gba àríwá lọ́wọ́ Hausa.)

Lójú tèmi, ẹni tó bá ń fún ibì kan lórúkọ, ibi tóun fúnra ẹ̀ dúró sí ló ń sọ. Ẹ wo Sutherland, "ilẹ̀ gúúsù", ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò lórí Google Maps, téńté orí Scotland ló wà! Àwọn Viking, ìyẹn àwọn atukọ̀ ilẹ̀ Norway àtijọ́, tó ń gbé ní Orkney, àwọn erékùṣù tó wà lápá àríwá Scotland, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, gúúsù sì ni lọ́dọ̀ tiwọn. Òkun Baltic, tí àwọn Jámánì ń pè ní Ostsee, òkun ìlà-oòrùn, àwọn ará Estonia tó wà ní òdìkejì ẹ̀ ń pè é ní Läänemeri, òkun ìwọ̀-oòrùn.

Ti Iceland ló wá ga jù. Ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Norway, apá ìlà-oòrùn ni ilẹ̀ wà, òkun wà ní apá kejì, ni àwọn ará ibẹ̀ bá ń fi "ilẹ̀" àti "ìta" pe àwọn igun tó wà láàárín, bíi gúúsù ìlà-oòrùn, nígbà tí wọ́n sì ṣí lọ sí erékùṣù Iceland, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yìí dání débẹ̀ láìyí nǹkan kan padà. Títí di báyìí, atẹ́gùn tó bá ti gúúsù ìlà-oòrùn wá, landsynningur ni wọ́n ń pè é, atẹ́gùn apá ilẹ̀, ṣùgbọ́n tó o bá wà ní etíkun ìlà-oòrùn Iceland, láti àárín agbami gan-an ló ti ń fẹ́ bọ̀. Ilẹ̀ Norway ni wọ́n ṣì ń wí.