Smp_affinity kò kan ìpè tí CPU ń pe ara wọn

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri pé bí a bá ti yọ CPU 3 kúrò nínú smp_affinity gbogbo tó wà ní /proc/irq lórí Linux (àwọn fáìlì tó ń sọ CPU tí interrupt kọ̀ọ̀kan lè lọ bá), interrupt kankan, ìyẹn ìpè tó ń dá CPU dúró lẹ́nu iṣẹ́, kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Interrupt tó ń ti ara ẹ̀rọ wá, bíi káàdì nẹ́tíwọ̀kì, ni smp_affinity ń darí. Èyí tí CPU kan fi ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀, ìyẹn IPI, kì í gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ wò ó fúnra yín (oríṣi IPI ni RES, CAL àti TLB):

grep -E 'CPU|RES|CAL|TLB' /proc/interrupts

Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá 10 sáàárín, kí ẹ wo abẹ́ CPU3. Bí iye TLB (ìpè láti pa ẹ̀dà àdírẹ́sì mẹ́mọ́rì tí CPU tọ́jú rẹ́) bá ń gòkè, ó sábà máa ń jẹ́ pé thread mìíràn nínú process yẹn kan náà ń pe munmap (láti dá mẹ́mọ́rì padà) tàbí mprotect (láti yí àṣẹ ìlò rẹ̀ padà) lórí CPU mìíràn. Àtẹ àdírẹ́sì kan ni gbogbo wọn jọ ń lò. Bí ọ̀kan bá yí i padà, kernel gbọ́dọ̀ ní kí àwọn yòókù pa ẹ̀dà àtijọ́ rẹ́. Lórí ọ̀pọ̀ CPU x86 nìyẹn o. ARM64 ní àṣẹ tó ń ṣe é láìsí IPI.

Inú ètò yín ni àtúnṣe rẹ̀ wà: ẹ má máa dá mẹ́mọ́rì padà lemọ́lemọ́, ẹ tún un lò. Tàbí kí ẹ pín iṣẹ́ náà sí process ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

RES yàtọ̀: ìpè láti jí CPU wá síbi iṣẹ́ ni. Bí CPU tó ń sinmi bá ń fi àṣẹ MWAIT ṣọ́ ibì kan nínú mẹ́mọ́rì, kernel kàn máa kọ àmì síbẹ̀ ni, kò ní pè é rárá.