Ìwé CAC kì í ṣe ìwé jẹ́lé-ó-sinmi

Láàárọ̀, bí ẹ bá ń ti Kubwa lọ sí Dutse Alhaji, ojú yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ̀ nídìí kíka pátákó jẹ́lé-ó-sinmi. Gbogbo wọn ló ń pariwo pé ìjọba ti fọwọ́ sí àwọn. Àwa òbí sì gbà bẹ́ẹ̀: níwọ̀n ìgbà tí ìwé ti wà lára ògiri, ọmọ wà lọ́wọ́ ire.

Ìyá Ìbejì, aládùúgbò mi, fi fọ́tò irú ìwé bẹ́ẹ̀ hàn mí lórí fóònù, láti jẹ́lé-ó-sinmi tó ti gba fọ́ọ̀mù fún àwọn ìbejì ẹ̀, inú ẹ̀ ń dùn. Mo wò ó dáadáa. Ìwé CAC ni, ti Corporate Affairs Commission.

Àwọn CAC tí ọ́fíìsì àgbà wọn wà ní Maitama níbí, orúkọ òwò àti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Ẹni tó ń ta pọ̀nmọ́ ní ọjà Nyanya lè gba irú ẹ̀ lọ́la. Wọn kì í rán ẹnikẹ́ni wá ka iye ọmọ tó sùn sórí ẹní kan. Ìyọ̀ǹda láti dá iléèwé aládàáni sílẹ̀ ní Abuja, ẹ̀ka Quality Assurance ní Education Secretariat FCT ni ẹ ó ti béèrè rẹ̀.

Ìyọ̀ǹda náà wúlò o. Ẹ má dá àwọn tó ń sọ pé owó lásán ni wọ́n fi ń rà á lóhùn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ kò ju pé ibẹ̀ tó ṣí ilẹ̀kùn lọ. Kò sọ pé ibẹ̀ dára. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ ló ń fún wọn ní láísẹ́ǹsì. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n jẹ́rìí sí iṣẹ́ òun á tún lọ bá NAEYC, ẹgbẹ́ tó wà fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kékeré, fúnra rẹ̀, wọ́n ti ń ṣe é láti 1985. Òṣùwọ̀n mẹ́wàá ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èkínní nínú wọn ni bí àgbà ṣe ń bá ọmọ lò. Ilé àti ohun èlò? Ìkẹsàn-án. Àwa ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ àti àwòrán ara ògiri la kọ́kọ́ ń wò! Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa fúnra rẹ̀ ní kí olùkọ́ kan má ṣe ní ju ọmọ 25 lọ ní kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi. Èwo nínú wa ló ti kà wọ́n rí?

Ti àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ló dùn mí jù. Etí ọmọ àbúrò mi kò gbọ́ràn dáadáa. Iléèwé kan ní Lugbe ní àwọn mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ irú wọn, wọ́n sì kó ìwé ẹ̀rí jáde rẹpẹtẹ. Sáà méjì ló lò níbẹ̀. Àga ẹ̀yìn nídìí fèrèsé ni gbogbo ìtọ́jú tí wọ́n ní fún un, kò sì sí ẹnìkan tó gbọ́ èdè ọwọ́. Òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2019 nítorí àwọn àkàndá ẹ̀dá ní kí iléèwé ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú wọn. Ẹni yẹn ló yẹ ká béèrè, níbikíbi tí a bá mú ọmọ lọ: ẹ pè é wá, ká rí i. CARF, ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ti ń yẹ iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú àkàndá ẹ̀dá wò láti 1966, kì í wo fáìlì nìkan. Wọ́n máa ń jókòó ti àwọn tí wọ́n ń tọ́jú, wọ́n á bi wọ́n léèrè. Fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí tó pẹ́ jù lọ́wọ́ wọn kò ju ọdún mẹ́ta lọ, wọ́n á tún padà wá.

Ìyá Ìbejì padà lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi tó ní ìwé CAC yẹn lọ́jọ́ Túsìdeè láìsọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Ó ní òun fẹ́ wo kíláàsì. Wọ́n ní òbí kì í kọjá ọ́fíìsì. Ó fi àwọn ìbejì ẹ̀ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó darí sílé. Wọn ò tíì dá owó fọ́ọ̀mù ẹ̀ padà.