Bí kì í bá ṣe àwọn tó ta IC ní dọ́là 25

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí. Ìgbàkígbà tí àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ lórí ta ló gbé kọ̀ǹpútà wọ inú ilé àwọn èèyàn, orúkọ mẹ́ta kan náà ni mo máa ń gbọ́: Apple, Microsoft, IBM. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má yìn wọ́n. Àmọ́ bí ẹ bá ní kí n yọ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo kúrò nínú ìtàn yìí, kí a wá wo ohun tó máa wó, MOS Technology ni mo máa yọ. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe IC, ìyẹn ègé kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ ọpọlọ nínú ẹ̀rọ, ni ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, l'Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú yín kò sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Ibi tí mo ti pàdé iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni kí n kọ́kọ́ sọ.

Àbúrò bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe. Láàárín ọdún 1990 sí 2000 ni mò ń sọ, nígbà tí géèmù onípáàdì méjì gbòde, èyí tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, tí a ń ki kásẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ìyeyè bọ̀ lórí. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan gbé tirẹ̀ wá, kò tàn mọ́. Mo dúró tì wọ́n bí wọ́n ṣe ń tú u, torí n kò tíì rí inú rẹ̀ rí. Pátákó pẹlẹbẹ kan ni mo rí, wáyà bíi mélòó kan, àti nǹkan dúdú róbótó kan láàárín, ó ń dán, ó rí bí ọ̀dà títì tó kán sílẹ̀ tó sì gbẹ síbẹ̀. Wọ́n fi orí sukurudiráfà tọ́ka sí i. "Ọpọlọ rẹ̀ rèé. Gbogbo ohun tó kù ni mo lè tún ṣe. Tí èyí bá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn." Wáyà iná ló já. Wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó o padà, géèmù sì tàn.

Ó tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà kí n tó mọ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà yẹn. Àdàkọ Famicom ni àwọn géèmù wọ̀nyẹn, ẹ̀rọ géèmù tí ilé-iṣẹ́ Nintendo gbé jáde ní Jàpáànù lọ́dún 1983. Ilé-iṣẹ́ Ricoh ló ṣe IC inú Famicom, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo àárín rẹ̀ gan-an, IC tí MOS Technology pè ní 6502 ni, wọ́n kàn yọ ibi kan tó ń ṣe irú ìṣirò kan kúrò níbẹ̀ ni. Ohun tí àwọn èèyàn fọwọ́ ara wọn yà sórí pépà ní Amẹ́ríkà ló yí gbogbo ayé ká tó fi dé orí tábìlì àbúrò bàbá mi.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Chuck Peddle. Ilé-iṣẹ́ Motorola ló ń bá ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe IC tí wọ́n pè ní 6800. Òun ni wọ́n ń rán sí àwọn oníbàárà pé kó lọ ṣàlàyé ohun tí IC náà lè ṣe fún wọn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ fún un níbi gbogbo tó dé: ọjà yìí dára, àmọ́ owó rẹ̀ ga jù. Láyé ìgbà yẹn, IC 8080 ti Intel, dọ́là 360 ni wọ́n ń pe ẹyọ kan. Àwọn oníbàárà ní tó bá jẹ́ bíi dọ́là 25 ni, àwọn á rà á. Peddle gbé ọ̀rọ̀ náà padà sí ibi iṣẹ́, ó ní ẹ jẹ́ ká ṣe olówó pọ́ọ́kú. Lẹ́tà ni wọ́n kọ sí i, pé kó jáwọ́ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà yìí máa ń dùn mí. Ọlọ́jà wo ló máa gbọ́ iye tí oníbàárà lè san, láti ẹnu oníbàárà fúnra rẹ̀, tí á wá sọ fún ẹni tó gbé ìròyìn náà wálé pé kó panu mọ́? Peddle kò panu mọ́. Lọ́dún 1974, òun àti àwọn mìíràn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lórí 6800 kó ẹrù wọn, ó di MOS Technology. Bill Mensch wà lára wọn. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, a ó tún bá a pàdé.

Báwo ni wọ́n ṣe wá tà á ní dọ́là 25 láìjẹ gbèsè? Ọ̀pọ̀ IC ni wọ́n máa ń tẹ̀ pọ̀ sórí awẹ́ sílíkọ́nì kan, bí àwọn aláàdìrẹ Abẹ́òkúta ṣe ń fi páánù tí wọ́n gé ọnà sí tẹ ẹ̀kọ sára aṣọ. Bí páánù bá ní àbùkù, gbogbo aṣọ tó bá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá ló máa jogún àbùkù náà. Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ nígbà náà, èyí tó ń bàjẹ́ lórí awẹ́ kan ju èyí tó ń yè lọ, èyí tó bá sì yè ló máa san owó òkú. MOS Technology mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń wá àbùkù ara páánù tiwọn rí, tí wọ́n sì ń tún un ṣe, nítorí náà èyí tó ń yè ló pọ̀. Wọ́n tún gé gbogbo ohun tí kò pọn dandan kúrò lára 6502, kó lè kéré, kí púpọ̀ lè gba orí awẹ́ kan. Iṣẹ́ ọwọ́ ni gbogbo èyí o. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀, èèyàn ló fọwọ́ fà á.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1975, wọ́n gbé e lọ sí WESCON, ìpàtẹ àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ẹlẹ́kítíróníìkì, ní San Francisco. Wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni tajà nínú gbọ̀ngàn ìpàtẹ, ni wọ́n bá gba yàrá sí hòtẹ́ẹ̀lì, ìyàwó Peddle jókòó ti ìgò ńlá tó kún fún IC, dọ́là 25 ni ọ̀kan. Peddle fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ nígbà tó yá pé àwọn tó wà lókè nìkan ló ń ṣiṣẹ́, pé àwọn tí wọ́n kó sí ìdí ìgò wà níbẹ̀ kí èèyàn lè gbà pé ọjà pọ̀ nílẹ̀ ni. Apá yẹn kò dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó sanwó, èyí tó ń ṣiṣẹ́ ló gbé lọ sílé. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Motorola já 6800 wá sí dọ́là 69.

Nínú àwọn tó ra IC níbẹ̀ ni Steve Wozniak wà, ọ̀kan lára àwọn tó wá dá Apple sílẹ̀. 6800 ló ti ń rò lọ́kàn tẹ́lẹ̀, iye owó ló yí i lérò padà. Apple I jáde lọ́dún 1976, Apple II jáde lọ́dún 1977, 6502 ló wà nínú méjèèjì. Bí kò bá sí MOS Technology, mo gbà pé Wozniak á ṣì ṣe kọ̀ǹpútà, ọgbọ́n orí rẹ̀ kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Èyí tí á ṣe fún ara rẹ̀ ni yóò jẹ́. Bóyá òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Steve Jobs á rí owó ṣe ọgọ́rọ̀ọ̀rún rẹ̀ tà, ibẹ̀ ni n kò gbà.

Atari, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù, náà wà ńbẹ̀. Ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1977, àbúrò 6502 ni ọpọlọ rẹ̀, 6507. Kò sí bí ẹ̀rọ ọmọdé ṣe lè gbé IC ọgọ́rùn-ún dọ́là sínú kí òbí tó rà á.

Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ Commodore. Jack Tramiel tó dá a sílẹ̀, Júù ọmọ ilẹ̀ Poland ni, ó la àgọ́ Auschwitz já, ó dé Amẹ́ríkà, ó ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe, títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí ta kalikulétọ̀. Ilé-iṣẹ́ Texas Instruments ló ń ta IC tó ń kó sínú wọn fún un. Ìgbà tó yá, Texas Instruments bẹ̀rẹ̀ sí ta kalikulétọ̀ tirẹ̀, ní iye tí Tramiel kò lè bá dọ́gba láéláé. Díẹ̀ ló kù kí Commodore wọlẹ̀. Lọ́dún 1976, Tramiel ra MOS Technology, kí ẹnikẹ́ni má bàa tún di ọ̀nà IC mọ́ ọn. Peddle wà nínú ohun tó rà. Òun ló sọ fún un pé kọ̀ǹpútà ló kàn, kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní PET sì jáde lọ́dún 1977.

Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Lọ́dún 1982, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà Commodore 64 jáde ní dọ́là 595. Ilé-iṣẹ́ IC tiwọn ló ṣe ọpọlọ rẹ̀, òun náà ló ṣe èyí tó ń ya àwòrán àti èyí tó ń kọrin nínú rẹ̀, alágbàtà kankan kò sí láàárín. Kí ọdún 1983 tó parí, iye rẹ̀ ti wálẹ̀ dé nǹkan bíi dọ́là 200. Texas Instruments fẹ́ bá a já iye ọjà, ó já a títí tó fi pàdánù owó rẹpẹtẹ, ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ó kúrò nídìí kọ̀ǹpútà inú ilé pátápátá. Ó ju mílíọ̀nù méjìlá Commodore 64 tí wọ́n tà. Ilé àwọn tí owó wọn kò tó Apple ló wọ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: Z80 ńkọ́? Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ilé-iṣẹ́ Zilog gbé Z80, IC tiwọn, jáde lọ́dún 1976. Òun ló wà nínú kọ̀ǹpútà TRS-80 tí wọ́n tà ní dọ́là 599 lọ́dún 1977, òun náà ló wà nínú àwọn kọ̀ǹpútà Sinclair n'Ílùú Ọba. N kò sọ pé kọ̀ǹpútà kò ní wọlé. Yóò wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí Z80 dé ọjà, àwọn kan ti fọ́ iye ọjà náà ná, Motorola ti já tirẹ̀ wálẹ̀, gbogbo ayé ti mọ̀ pé IC kì í ṣe ohun tí à ń pè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là. Bí kò bá sí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1975, mi ò rí ẹni tí ìkánjú máa mú ṣe é. Àwọn ńláńlá kò kánjú, a ti rí lẹ́tà tí wọ́n kọ.

Apá tó kàn yìí ló jẹ́ kí n pinnu pé màá kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní Cambridge, n'Ílùú Ọba, ilé-iṣẹ́ Acorn fi 6502 ṣe kọ̀ǹpútà BBC Micro, tó jáde lọ́dún 1981, tó wọ ilé ẹ̀kọ́ wọn káàkiri. Nígbà tó tó àkókò láti wá IC tó lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ẹnjiníà Acorn méjì, Sophie Wilson àti Steve Furber, yẹ èyí tó wà lọ́jà wò, kò sí èyí tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Ni wọ́n bá lọ sí Phoenix, ní Arizona, lọ́dún 1983, lọ́dọ̀ Bill Mensch, tó ti dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ tó ń ṣe ọmọ ìyá 6502. Wọ́n rò pé ilé gogoro làwọn máa bá. Ilé tí èèyàn lè gbé ni wọ́n bá, àwọn èèyàn díẹ̀ ló wà níbẹ̀, wọ́n ń ya IC. Wọ́n padà sílé pẹ̀lú èrò kan: bí àwọn wọ̀nyí bá ń ṣe é, àwa náà á ṣe é.

Wọ́n ṣe é lóòótọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1985, IC tí wọ́n pè ní ARM ṣiṣẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọn kò fẹ́ kó máa gbóná, torí pé IC tó bá ń gbóná, ilé amọ̀ olówó gọbọi ni wọ́n máa fi bò ó, ike olówó pọ́ọ́kú sì ni wọ́n fẹ́. Ọ̀rọ̀ owó yẹn náà ni. Nígbà tí Furber wọn iná tí IC náà ń jẹ, òǹwọ̀n kò kúrò lójú òdo. Ó wò ó títí, ó rí i pé òun kò tíì so iná mọ́ ọn rárá. Ìwọ̀nba iná tó ń jò wọlé láti ara àwọn IC ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń lò láti fi ṣiṣẹ́.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí fóònù kan lónìí tí ọmọ ọmọ IC yẹn kò sí nínú rẹ̀. Bí fóònù lẹ bá fi ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ó wà níbẹ̀. Ìdí kan nìyẹn tí bátìrì rẹ̀ fi ń gbé yín dé alẹ́ lọ́jọ́ tí wọn kò bá mú iná wá.

Mo bínú sí Tramiel lórí ohun kan. Ó ra àwọn tó mọ iṣẹ́, kò sì náwó lórí èyí tí wọ́n ìbá ṣe tẹ̀ lé 6502. Mensch lọ, Peddle náà lọ. Commodore wọlẹ̀ lọ́dún 1994, nígbà tí Tramiel fúnra rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. N kò sì ní gbójú fo omi kànga àwọn tó ń gbé nítòsí ilé-iṣẹ́ náà ní Pennsylvania: kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ IC jò wọ inú ilẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà sì kọ ibẹ̀ mọ́ àwọn ibi tí wọ́n gbọ́dọ̀ fọ̀ mọ́. Àwọn náà san nínú owó dọ́là 25 yẹn.

Chuck Peddle kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2019. Ilé-iṣẹ́ Mensch ní Arizona ṣì ń ta 6502 títí di òní. Àbúrò bàbá mi ti dàgbà, wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù pa. Nígbà tí mo lọ kí wọn kẹ́yìn, mo sọ gbogbo ìtàn yìí fún wọn, láti orí ìgò IC dé orí ọ̀dà dúdú tó wà nínú géèmù ọjọ́sí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní kí n tún orúkọ ọkùnrin náà pè. Mo pè é. Wọ́n pè é tẹ̀ lé mi, wọ́n tún un pè lẹ́ẹ̀kejì títí tó fi yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu.