Alhaji, tíì ń hù ní Nàìjíríà

Alhaji, ẹ ní kò sí tíì tó ń hù ní Nàìjíríà, pé ẹni tó bá ní òun ra ewé rẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀, wọ́n kàn lù ú ní jìbìtì ni. Ẹ tún ní igi tíì aláwọ̀ ewé yàtọ̀ sí ti dúdú. Kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba ni tiwa ti ń hù. Ibẹ̀ ga, ó sì tutù. Ara igi kan náà, Camellia sinensis, ni tíì méjèèjì ti ń wá: bí wọ́n bá já ewé tán tí wọ́n tètè fi ooru pa á, àwọ̀ ewé rẹ̀ kò ní lọ, bí wọ́n bá jẹ́ kó rọ, tí wọ́n rún un, tí afẹ́fẹ́ sì fẹ́ sí i, á dúdú.

Ti jìbìtì yẹn, ẹ ò purọ́. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní Darjeeling, tíì tó ń jẹ́ orúkọ agbègbè kan ní Íńdíà, ló ti Íńdíà wá. Omi gbígbóná ò lè sọ oko tí ewé ti wá, àmọ́ ẹ da á sórí ewé díẹ̀ nínú ife: ewé odindi á tú, ẹ ó rí etí rẹ̀ tó rí bí eyín ayùn. Èyí tó rí hóró-hóró, irú èyí tí àwọn onítíì ń sè ní ọjà Ìpàtà ní Ìlọrin, ẹ̀rọ ló gé e bẹ́ẹ̀. Ayédèrú kọ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe púpọ̀ nínú ti Kẹ́ńyà nìyẹn, mílíìkì sì bá a mu gan-an (èmi ò fẹ́ ẹ láìsí i).

Kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́, ẹ bi àwọn tó ń tà á léèrè oko àti oṣù tí wọ́n já a. Díẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà.