Owó oṣù nìkan kọ́
Àwọn kan ní kí èèyàn máa gbé ìlú New York dípò Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, torí owó oṣù ibẹ̀ ló pọ̀ jù. Èmi ò gbà o. Ní New York, ìjọba àpapọ̀ á yọ owó orí, ìpínlẹ̀ á yọ tiẹ̀, ìlú náà á tún yọ tirẹ̀ kí owó tó dọ́wọ́ ẹ. Ìpínlẹ̀ Texas kì í gba owó orí lórí owó oṣù rárá. Yàrá tí àbúrò mi ń sùn ní Houston fẹ̀ ju gbogbo ilé tí mo háyà ní New York níbí lọ.

Àmọ́ àwọn tó ń sọ pé Houston dẹrùn pátápátá kì í mẹ́nu ba ìnáwó àti wàhálà mọ́tò: epo, ìnṣọ́ránsì, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láràárọ̀. Èmi tí mò ń ṣíwọ́ láago méjì òru, rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbé mi délé. Ìyẹn ni ò tíì jẹ́ kí n kó lọ.