Ẹ̀rọ méjì kì í ṣe ààbò bí àṣìṣe kan náà bá wà nínú wọn

Ẹ ti gbọ́ ọ lọ́pọ̀ ìgbà: "Ẹ má mikàn, bákọ́ọ̀pù wà." Pé bí kọ̀ǹpútà kan bá dákú, èkejì á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń ṣírò ẹ̀: bí ọ̀kan bá ń bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún, àwọn méjèèjì ò ní bàjẹ́ papọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú mílíọ̀nù. Ó dùn létí. Àmọ́ irọ́ ni, àfi tí ohun tó ń pa ọ̀kan ò bá kan èkejì rárá.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1996, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 gbéra fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Kourou, ní French Guiana. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà nínú ẹ̀ tó ń sọ ibi tó kọjú sí. Ìbejì ni wọ́n: irin kan náà, ètò kọ̀ǹpútà kan náà, tí wọ́n gbé wá láti ara Ariane 4, rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ṣáájú ẹ̀. Ibì kan nínú ètò yẹn máa ń mú nọ́ńbà bíìtì 64 (bíìtì ni 0 tàbí 1 tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ nọ́ńbà), tó jẹ mọ́ eré tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ń sá lọ sí ẹ̀gbẹ́, á sì gbé e sínú àyè bíìtì 16. Àyè ọ̀hún ò lè gbà ju 32,767 lọ. Ariane 4 kì í sáré débẹ̀, ni wọn ò bá ṣọ́ ọ. Eré Ariane 5 ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 lẹ́yìn tó gbéra, nọ́ńbà náà kún àkúnya. Bákọ́ọ̀pù gan-an ló kọ́kọ́ kú! Èyí tó ń ṣiṣẹ́ tẹ̀ lé e kí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá tó pé. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni, àmọ́ ta ló ráyè gbọ́ òwe níbẹ̀? Rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣẹ́rí, ó fọ́ sójú ọ̀run.

Ẹlòmíì á ní kí èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kọ ètò méjèèjì nígbà náà. Ó sàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1986, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì, John Knight àti Nancy Leveson, gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde: ètò 27 fún iṣẹ́ kan ṣoṣo, láìjẹ́ pé àwọn tó kọ wọ́n gbìmọ̀ pọ̀. Wọ́n dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò ní ìgbà mílíọ̀nù kan. Àwọn ètò náà ń kùnà papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ju bí ìṣirò ṣe wí lọ. Níbi tí iṣẹ́ bá ti le, ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ ló ń kọ.

Tèmi, n kì í kọ́kọ́ béèrè iye kọ̀ǹpútà. Mo máa ń béèrè pé, bí ohun tí ẹ ní kò lè ṣẹlẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kí ni ètò yìí máa ṣe? Ti Ariane, ṣe ló máa pa ara ẹ̀, torí wọ́n gbà pé bí àṣìṣe bá yọjú, irin ló bàjẹ́, kí èkejì bọ́ síbẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó wádìí ẹ̀ ní àwọn kọ̀ǹpútà náà ìbá máa fi ìṣirò tó sún mọ́ òótọ́ jù lọ ránṣẹ́ lọ.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé, lẹ́yìn tí Ariane 5 bá ti kúrò nílẹ̀, apá tó kùnà yẹn ò ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe mọ́. Ariane 4 ló nílò ẹ̀.