Ọ̀dà Kì í Pa Kòkòrò Àrùn

Àtúnṣe ni wọ́n pe títì tí wọ́n ti wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ kan pa nílé ìwòsàn kan ládùúgbò wa, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń kó àrùn tí oògùn kò ràn. Nígbà tí wọ́n máa ṣí i padà, ọ̀dà tuntun ti wà lára ògiri, kọ́tìnnì tuntun sì ti wà lójú fèrèsé. Àwọn tí ojú abẹ wọn kọ̀ tí kò jiná, tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ lórí abẹ́rẹ́ tí kò ràn wọ́n, kò sẹ́ni tó sọ irú kòkòrò tó wọ̀ wọ́n lára níbẹ̀ fún wọn. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláṣẹ fẹ́ ká máa wí.

Àwa ìwé ìròyìn yìí kò ní wí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ti ń béèrè tipẹ́ náà la tún ń béèrè. Ẹ ka iye aláìsàn tó kó àrùn tí oògùn kò ràn nínú ilé ìwòsàn yín, kí ẹ sì gbé e síta ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Iye nìkan la fẹ́. Èsì kan náà la máa ń rí gbà: ẹ̀rù á ba ará ìlú. Ṣé ẹ̀rù ò tíì bà wọ́n ni? Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ bímọ ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù lónìí, àhesọ ló fi ń mọ ibi tí yóò gbé e lọ.

Wọ́n tún ní ẹjọ́ ará ìlú ni. Òótọ́ wà níbẹ̀. Inú á run èèyàn, á ra Flagyl. Ẹsẹ̀ á bó, á tú kápúsù pupa-àti-yẹ́lò dà sójú egbò. Àwọn kan ń ta Ampiclox nínú mọ́tò bí ẹni ń ta gúgúrú. Láti ìgbà tí GSK, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn apakòkòrò Augmentin, ti kéde ní 2023 pé àwọn ń kógbá sílé ní Nàìjíríà, owó rẹ̀ ti fò sókè débi pé ẹni tí dókítà kọ ti ọjọ́ méje fún lè má ra ju ti ọjọ́ mẹ́ta lọ. Gbogbo èyí ló ń kọ́ kòkòrò àrùn ní ọgbọ́n tí yóò fi borí oògùn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ti wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn kọ́ ló lọ ra oògùn nínú mọ́tò. Inú wọ́ọ̀dù ni àwọn kòkòrò àrùn bíi Klebsiella àti irú Staphylococcus tó ti gbó sí oògùn ti ń gba ọwọ́, rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀ àti ojú abẹ́rẹ́ omi kọjá látara aláìsàn kan sí èkejì. Ẹ wo ibi ìfọwọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù wa. Ẹ̀rọ omi ti gbẹ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ló wà lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ike ìbomi àti ọṣẹ tó ti ku pẹlẹbẹ. Nọ́ọ̀sì kan á tú báńdéèjì ẹni àkọ́kọ́, á da omi díẹ̀ sọ́wọ́, á kọjá sí ibùsùn kejì. Kí la fẹ́ kó ṣe? Ẹbí aláìsàn ló ń ra ìbọ̀wọ́.

Dókítà tó fẹ́ mọ oògùn tí yóò ràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ kí láàbù gbin kòkòrò náà, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni èsì fi ń jáde. Níbí, ìyàwó aláìsàn ló ń fi ọ̀rá gbé ọyún ọkọ rẹ̀ gun ọ̀kadà lọ sí láàbù aládàáni. Ẹni tí kò bá rówó ẹ̀, abẹ́rẹ́ apakòkòrò ceftriaxone ni wọ́n á kọ fún un láìwádìí. Bí ìyẹn kò bá ràn, ó di meropenem, èyí tó lágbára jù ú lọ. (Ẹ má bi wá ní iye tí wọ́n ń tà á, ẹni tó ti rà á rí kò ní gbàgbé.)

Ìwé kọ́ la ṣaláìní. Ètò àkọ́kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 2017. Èkejì jẹ́ ti 2024 sí 2028. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé ikú tó ń bá àrùn yìí rìn gbọ́dọ̀ fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún dínkù tó bá fi máa di 2030, àti pé gbogbo ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ ní omi. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 64,500 ni irú àrùn yìí pa ní Nàìjíríà ní 2019 nìkan. Orílẹ̀-èdè yìí kan náà ló gbà láti gbàlejò àwọn mínísítà àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2026. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú àwọn àlejò náà wá sí wọ́ọ̀dù kan ní Rẹ́mọ tàbí Ìjẹ̀bú, kí wọ́n wá fọwọ́.

Iṣẹ́ tó kù sọ́wọ́ Abẹ́òkúta kò le. Láàbù kan tó ń gbin kòkòrò lè sin gbogbo wa, torí Ìjẹ̀bú-Òde sí Ṣágámù kò ju ìrìn wákàtí kan lọ, tí ìjọba bá lè gba awakọ̀ kan tí yóò máa kó ohun àyẹ̀wò láti Ìkẹ́nnẹ́, Ìpẹru, Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó. Kí wọ́n kọ owó rẹ̀ àti owó omi wọ́ọ̀dù sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀, lórí ìlà tí ojú lè rí. Ní ti iye àwọn tó kó àrùn náà, a ó máa béèrè rẹ̀ ní ìparí oṣù mẹ́ta mẹ́ta, a ó sì máa tẹ ohun tí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan bá fún wa jáde. Èyí tí kò bá fún wa ní nǹkan kan, a ó fi àyè tirẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, a ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i.